Omi Ló Pa Arère Wa

Ọ̀rọ̀ igi ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá ń rò pé ọ̀rọ̀ igi kò kan ẹni tí ó ń gbé yàrá kan ní Èkó, ẹ fara balẹ̀ kà á tán. Igi kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí èmi àti màmá mi lè bá ara wa sọ̀rọ̀ dénú fún odidi oṣù mẹ́sàn-án.

Ìlúpéjú ni a dàgbà sí. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò náà yóò mọ̀ pé ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé jọ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ níbẹ̀ ni. Ní agbègbè Town Planning Way àti Coker Road, ilé ìtẹ̀wé, ilé ìkẹ́rù-pamọ́ àti ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi ni ojú ń rí, a ó sì rí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn lẹ́yìn ògiri wọn. Káfíńtà ni bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀yìn ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Pákó arère ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe egungun inú àga tìmùtìmù. Wọn a máa sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ wọn pé arère fúyẹ́, ó gba ìṣó láìjanpata, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sùn síta, nítorí pé ikán fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ti fẹ́ràn ṣúgà.

Nígbà tí Bàbá di olóògbé, èmi ni mo dá a lábàá pé kí a gbin arère kan sí ibi tí ṣọ́ọ̀bù náà wà tẹ́lẹ̀, kí ó dúró bí ohun ìrántí. Mo ra èyí tí ó ṣì kéré nínú ọ̀rá láti Ìbàdàn. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje ni mo mú, ọjọ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti yà sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn láti ọdún 2008. Màmá gbàdúrà lé e lórí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí i láràárọ̀ bí ẹni ń kí ènìyàn.

Òjò oṣù náà kò ṣe kékeré. Gọ́tà iwájú ilé ti dí, ẹ̀yìn ilé wa sì lọ sílẹ̀ ju ojú títì lọ, omi bá dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Nígbà tí ó fà, òmíràn tún dé. Ewé arère náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó sì ń rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé òùngbẹ ni ó ń gbẹ ẹ́, mo tún ń bu omi sí i! Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹsàn-án, igi náà ti gbẹ pátápátá.

Màmá wò ó títí, wọ́n ní, “Bàbá yín kò gba igi yìí lọ́wọ́ wa.” Èmi náà, nínú ìbànújẹ́ mi, mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń da omi ọṣẹ sí i lẹ́sẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni ó dun màmá mi ju ikú igi náà lọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá pè wọ́n, a ó kí ara wa, a ó béèrè àlàáfíà, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ní oṣù Kẹfà ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àbúrò mi ọkùnrin tí ó ń gbé ní Edmonton, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Ohun funfun kan ń fò kiri lójú títì bí òwú tí atẹ́gùn tú, ó sì kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo igi tí ó ń so òwú. Poplar ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń yára dàgbà, kò sì bẹ̀rù omi. Bí mo bá ń bọ̀ wálé ní oṣù Kẹjọ, mo lè gé ẹ̀ka rẹ̀ díẹ̀ sínú báàgì mi, kí a fi rọ́pò arère Bàbá.”

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí iná bá ti jó rí, bí ó bá rí eérú, yóò ṣọ́ra. Mo ní kí ó ní sùúrù ná, kí n wádìí ohun tí igi náà ń fẹ́. Ohun tí mo yẹ kí n ṣe fún arère ni mo wá ń ṣe fún poplar.

Poplar kì í ṣe igi kan ṣoṣo. Ẹ̀yà rẹ̀ tó bí ọgbọ̀n, púpọ̀ jù lọ nínú wọn sì jẹ́ ti apá àríwá ayé: Kánádà, Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti ilẹ̀ Éṣíà. Igi rẹ̀ fúyẹ́, ó sì funfun, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lò ó fún igi ìṣáná, plywood, àpótí ẹrù àti bébà. Àwòrán Mona Lisa tí Leonardo da Vinci yà, èyí tí ó wà ní Paris, pákó poplar ni wọ́n yà á sí. Ẹsẹ̀ ewé ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ́ pẹlẹbẹ, nítorí náà ni atẹ́gùn díẹ̀ fi máa ń mú kí gbogbo ewé igi náà máa gbọ̀n.

Igi yìí kì í fi bò ohun tí ó ń fẹ́. Èkíní, oòrùn. Poplar kò lè fara da òjìji. Bí igi mìíràn bá ti borí rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ díẹ̀díẹ̀. Èkejì, omi nítòsí. Etí odò ni ilé ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì lè dúró nínú àkúnya omi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ̀kẹta, ilẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀. Igi tí ó jẹ́ akọ wà, igi tí ó jẹ́ abo sì wà. Abo ni ó máa ń tú òwú tí àbúrò mi rí, inú òwú náà sì ni èso tíntìntín wà. Èso yìí kò lè pẹ́ láyé. Bí kò bá tètè bọ́ sí ilẹ̀ tútù tí koríko kò bò, ó ti parí fún un. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ọ̀pọ̀ poplar a tún máa ta ọmọ. Ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi poplar kan wà tí wọ́n sọ ní Pando; wọ́n gba ilẹ̀ tí ó tó hẹ́kítà 43, orí gbòǹgbò kan náà ni gbogbo wọn sì ti hù.

Ẹ̀kẹrin ni ó wá lé báàgì àbúrò mi sẹ́yìn: òtútù. Poplar ilẹ̀ Kánádà a máa ka ọjọ́. Bí ọ̀sán bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, yóò dáwọ́ dídàgbà dúró, yóò wọ́wé, yóò sì sùn. Ó gbọ́dọ̀ gba òtútù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó lè jí dáadáa nígbà tí ooru bá dé. Ní Edmonton, ọ̀sán a máa tó wákàtí 17 ní oṣù Kẹfà, kì í sì í tó 8 ní oṣù Kejìlá. Ní Èkó, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀sán tí ó gùn jù àti èyí tí ó kúrú jù kò tó wákàtí kan. Ọyẹ́ tiwa, bí ó ti wù kí ó mú tó, kò lè sọ omi inú garawa di yìnyín. Kí ni yóò wá sọ fún igi náà pé ó tó àkókò láti sùn? Kí ni yóò jí i?

Kódà bí òtútù kò bá jẹ́ ìṣòro, ọ̀rọ̀ gbòǹgbò ṣì wà níbẹ̀. Gbòǹgbò poplar a máa wá omi kiri, a sì máa wọ inú páìpù tí ó bá ti là. Lórí ilẹ̀ amọ̀, ó lè fa omi inú ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ yóò fi sún kì, tí ògiri ilé yóò sì sán. Àwọn àgbà ní igi tí yóò gún ni lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀yìn ilé wa kò ju kí káfíńtà mẹ́ta jókòó lọ, ṣaláńgá àti kànga sì ti pín nínú rẹ̀.

Ṣé poplar kò wá sí ní ilẹ̀ olóoru rárá ni? Ọ̀kan wà ní Áfíríkà wa níbí, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, níbi tí ìlà tí ó pín ayé sí méjì gba kọjá. Etí odò Tana ni a ti mọ̀ ọ́n jù. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Populus ilicifolia, àwọn ará Pokomo tí ó ń gbé etí odò náà sì ti ń fi í gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Èyí kò bẹ yìnyín, ṣùgbọ́n odò ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Odò Tana gbọ́dọ̀ kún, kí ó kó iyanrìn tuntun sí etí rẹ̀, kí ó sì fà, kí èso igi náà tó rí ibi tútù tí ó ṣófo hù sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sé odò náà lápá òkè láti fi rí omi àti iná mànàmáná, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n parí ti Masinga ní ọdún 1981, ìkún omi náà kò rí bí ó ti máa ń rí mọ́. Àgbà igi ń bẹ, ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò hù sí ń dín kù.

Ìtàn odò Tana yìí ni ó là mí lójú. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ igi náà. Odò kan ṣoṣo ni ó yí ìwà padà, igi sì ń jìyà rẹ̀. Mo wá padà sórí arère tiwa, mo sì kà nípa rẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà tí ó ti yẹ kí ó kà lọ́dún tí ó kọjá.

Arère àti poplar kò bá ara wọn tan, ṣùgbọ́n ìwà wọn jọra. Àwọn méjèèjì fúyẹ́, wọ́n funfun, wọ́n ń yára dàgbà, wọn kò sì fẹ́ òjìji. Triplochiton scleroxylon ni orúkọ arère lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Gánà ń pè é ní wawa, Ivory Coast ń pè é ní samba. Ó lè ga tó mítà 50, kí ìdí rẹ̀ ta ìyẹ́ ńláńlá tí ènìyàn lè fara pamọ́ sẹ́yìn. Ewé rẹ̀ pín bí ìka ọwọ́, ó sì fẹ́ jọ ewé tí ó wà lára àsíá Kánádà. Àwọn ará Finland pàápàá ń fi pákó rẹ̀ ṣe ìjókòó inú ilé ooru tí wọ́n ti ń làágùn, nítorí pé kì í gbóná ju bí ara ti lè gbà lọ.

Arère a máa bọ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kòkòrò oníirun kan tí yóò padà di àfòpiná a máa jẹ ewé náà. Ẹbí Anaphe ni kòkòrò yìí, ẹbí tí àwọn baba wa ti ń rí òwú sányán. Arère kì í tanná lọ́dọọdún, kòkòrò a sì máa ba èso rẹ̀ jẹ́. Èyí tí ó bá yè pàápàá kì í pẹ́ kú bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ sí ibi tútù. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ní Ilé Ìwádìí Igbó ní Ìbàdàn, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1954, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Ìlú Ọba fi ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1970 lórí bí a ó ṣe máa fi ẹ̀ka tútù gbin ín.

Ilẹ̀ wo wá ni arère ń fẹ́? Ilẹ̀ tí ó jìn, tí omi ń gbà kọjá láìdúró. Òjò tí ó tó ni ó ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí omi òjò náà jókòó tì í. Gbòǹgbò ń mí. Afẹ́fẹ́ tí ó wà láàárín ilẹ̀ ni ó ń mí sínú. Bí omi bá dí gbogbo àyè náà fún ọjọ́ púpọ̀, gbòǹgbò yóò jẹrà, kò ní lè fa omi mọ́, ewé yóò sì gbẹ lójú omi. Ìdí nìyẹn tí ó fi dà bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Omi tí mo ń bù kún un ni mo fi ń sin ín.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ bá màmá mi ní Ìlúpéjú. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Mo kúnlẹ̀, mo jókòó, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti Edmonton dé odò Tana. Mo ní, “Màmá, igi yẹn kò kú nítorí pé Bàbá kò gbà á. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ pa á. Omi ni ó rì ín, èmi ni mo sì gbìn ín sínú omi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí ọ̀rọ̀ omi ọṣẹ yẹn jì mí.”

Wọ́n ṣa ẹ̀wà lọ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, “Àgbàdo tí omi bá dúró sí lẹ́sẹ̀ kì í yọmọ. Ta ni kò mọ̀ yẹn? Arère tí ó wà lóko bàbá mi ní Òǹdó, orí òkè ni ó wà. Ṣé o bi mí kí o tó gbìn ín ni?”

N kò bi wọ́n. Ọmọ àgbẹ̀ ni màmá mi, abẹ́ kòkó ni wọ́n dàgbà sí, mo sì lọ ra igi láti Ìbàdàn láìbi wọ́n ní ìbéèrè kan. Omi bọ́ lójú mi. Wọ́n fi etí ìró wọn nu ojú mi, wọ́n ní kí n dìde kí n bá wọn gbé omi ẹ̀wà kaná.

Mo pe àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní kí ó fi ẹ̀ka poplar sílẹ̀ níbi tí Ọlọ́run gbé e sí. Mo tún rán an létí pé kò tọ́ kí ènìyàn kó ewéko wọ orílẹ̀-èdè yìí láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ NAQS, nítorí pé àrùn àti kòkòrò a máa bá ewéko rin ìrìn-àjò. Nígbà tí ó dé ní oṣù Kẹjọ, ó fẹ́ kí a lọ sí Òǹdó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Màmá kọ̀. Wọ́n ní a kì í gbin igi nítorí pé àlejò ń kánjú. Kí a dúró de òjò ọdún tuntun.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún yìí, lẹ́yìn tí òjò ti fìdí múlẹ̀, a gbin arère mẹ́ta sí ìdagẹ̀rẹ̀ òkè kan ní oko náà, níbi tí kòkó àtijọ́ ti kú tí oòrùn sì ti ń wọlé. Àbúrò mi ń wò wá lórí fóònù láti Edmonton. Màmá ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bo ilẹ̀ ìdí wọn. Ewúrẹ́ ti jẹ ọ̀kan. Méjì ṣì wà. Ní ẹ̀yìn ilé ní Ìlúpéjú, Màmá kó iyẹ̀pẹ̀ sínú táyà àtijọ́ mẹ́rin, wọ́n gbé wọn ga kúrò nílẹ̀, wọ́n sì gbin ewúro sí i. Wọ́n ní Bàbá fẹ́ràn ọbẹ̀ ewúro ju igi arère lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ gbin igi nítorí ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó tàbí ìrántí, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ gbẹ́ ihò kan tí ó jìn tó ọwọ́ láti ìka dé ìgbúnwọ́, ẹ bu omi kún un, kí ẹ sì padà wò ó ní ọjọ́ kejì. Bí omi náà bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má gbin arère síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má gbin igi mìíràn tí ó kórìíra omi. Ẹ wo ibi tí oòrùn ń dé láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ béèrè bí igi náà yóò ti ga tó lẹ́yìn ogún ọdún, kí ẹ sì wo ibi tí ògiri, wáyà iná àti páìpù yín wà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àgbàlagbà kan tí ó ti ṣe oko rí, kí ẹ bi í. Ó lè jẹ́ pé inú ilé yín gan-an ni ó wà, tí ó ń ṣa ẹ̀wà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá yín.